Ojú Tí Ń Wo Aláìsàn

Bí a bá fi ara balẹ̀ gbọ́ èdè wa, a ó mọ ohun tí àwọn baba ńlá wa rò nípa ìṣègùn kí a tó ṣí ìwé kankan. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, a ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn kí ó lè wò ó. Ibi tí a gbé e lọ ni ilé-ìwòsàn. Bí ó bá dìde tán, a ó ní lágbájá ni ó wò ó sàn. Wíwò ni ó ṣáájú, sísàn ni ó tẹ̀ lé e. Ojú kan náà tí a fi ń wo ọ̀nà, tí a sì fi ń wo ìran eégún, ni èdè Yorùbá fi ṣe irinṣẹ́ àkọ́kọ́ fún oníṣègùn, ṣáájú ọbẹ, ṣáájú ewé, ṣáájú abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó ń yí lọ yí bọ̀ ní ọkàn mi láti ìgbà tí ìṣègùn orí fóònù ti dé àárín wa. Aláìsàn jókòó sí Ìyìn-Èkìtì, dókítà jókòó sí Èkó tàbí Abuja, wọn kò rí ara wọn rí, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má rí ara wọn láéláé. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwé oògùn ti wọ inú fóònù, ọmọ ilé sì ti sáré lọ sí kẹ́míìsì. Àwọn kan ní ọ̀làjú ni, àwọn kan ní jìbìtì ni. Èmi kò lè fara mọ́ ìkankan nínú ìdájọ́ méjèèjì, nítorí pé mo ti rí i tí ó ṣe ilé wa ní oore, mo sì ti rí i tí ó da ilé wa láàmú fún odidi oṣù mẹ́ta. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni a ti ń gba oògùn láti òkèèrè. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ìyìn, bí àgbàlagbà kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò lè rìn, wọn a máa rán ẹnìkan nínú ilé lọ bá oníṣègùn ní ìlú mìíràn, ní Ìgèdè tàbí ní Adó. Ẹni tí wọ́n rán kì í gbé ẹnu lásán lọ. Oníṣègùn yóò bi í léèrè: Ṣé ó ń jẹun? Oúnjẹ wo ni kò lè gbé mì? Báwo ni ẹyinjú rẹ̀ ti rí, ó pọ́n ni tàbí ó funfun? Ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òru ni ara rẹ̀ ń gbóná ni àbí ọ̀sán? Bí ìdáhùn kò bá já gaara, oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fún un ní oògùn. Yóò ní kí ó padà lọ wò ó dáadáa wá. Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Ìgèdè lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé kò kíyè sí èyí tí ó wú nínú ẹsẹ̀ méjèèjì bàbá wa àgbà. Ó bínú ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni ojú oníṣègùn, oníṣègùn kò sì fẹ́ fi ojú afọ́jú ṣiṣẹ́. Oògùn tí wọ́n fún un kò sì dá wá: ó ní èèwọ̀ tirẹ̀, ó ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ padà lọ jábọ̀, ó sì ní ilé tí a lè gbé ẹjọ́ lọ bí nǹkan bá bàjẹ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń pọ́n ayé àtijọ́ lé ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ náà lè ṣe ìkà. Àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná a máa kó ẹrù ẹni tí ilẹ̀gbóná bá pa, a sì rí nínú wọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn tan àrùn náà kálẹ̀. Dókítà Oguntola Sapara, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Ìjẹ̀ṣà wá, tí ó kú ní ọdún 1935, ni ó tú àṣírí wọn. Kò jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó kí ó máa fi etí gbọ́ ìròyìn. Ó wọ inú awo náà ní ìkọ̀kọ̀, ó lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ohun tí ó sì rí ni ìjọba gùn lé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún láti fi òfin de ìbọ náà.

Nínú gbogbo ìtàn fífi ọ̀rọ̀ ara ẹni ránṣẹ́ sí òkèèrè, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ará Abẹ́òkúta kan tí ó bọ́ sí oko ẹrú ní Dàhòmì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò lè kọ lẹ́tà. Ó fi àrokò ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, àwọn òyìnbó ìjọ sì kọ ọ́ sílẹ̀: òkúta kan, èédú kan, ata kan, àgbàdo yíyan àti àkísà. Òkúta ni pé ara òun ṣì le. Èédú ni pé ọ̀la òun ṣókùnkùn. Ata ni pé ọkàn òun ń gbóná nítorí ohun tí ó wà níwájú. Àgbàdo yíyan ni pé ìyà ti mú ara òun gbẹ, àkísà sì ni pé aṣọ ọrùn òun ti gbó tán. Mo máa ń rò ó pé ọ̀pọ̀ aláìsàn orí fóònù lónìí ni kò lè ròyìn ara rẹ̀ kún tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ìyàwó rẹ̀ ni ó rán an sí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní ìgbà tí ara rẹ̀ ń dán nìkan ni ó lè mọ bí gbígbẹ náà ti pọ̀ tó.

Àwọn òyìnbó náà kọ́ ọgbọ́n yìí nígbà tí ilẹ̀ wọn bá fẹ̀ jù tàbí tí omi bá yí wọn ká. Ní Róòmù, láti ọdún 1935, àwọn dókítà kan ń fi wáyà-láì-lókùn dá àwọn atukọ̀ tí ara wọn kò yá lójú agbami lóhùn. Ní Ọsirélíà, àwọn dókítà tí ń wọ ọkọ̀ òfúrufú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1928. Nígbà tí ó di ọdún 1942, wọ́n fi àpótí oògùn sí àwọn oko tí ó jìnnà, wọ́n kọ nọ́ńbà sára oògùn kọ̀ọ̀kan, kí dókítà lè sọ lórí rédíò pé kí wọ́n lo ti nọ́ńbà báyìí. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tàbí ìyá onílé ni ó dúró ti aláìsàn, tí ó fọwọ́ kàn án níkùn, tí ó sì ń ròyìn.

Ní tiwa, lẹ́tà àti ẹni tí ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyá yóò kọ̀wé pé òòyì ń kọ́ òun. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ pé ìṣirò owó ni ó kọ́, yóò di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú báàgì ẹni tí ń bọ̀ wálé fún ọdún Kérésìmesì. Lẹ́yìn náà ni GSM dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, tí ohùn ọmọ sì ń wọ yàrá ìyá lójoojúmọ́.

A kọ́kọ́ mọ ohun tí ó lè ti inú fóònù jáde ní ọdún 2014. Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola láti Làìbéríà wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Keje. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri Nàìjíríà: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì mu nínú rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin pè mí lójú oorun, ó ń sunkún kí n tètè bọ́ sí balùwẹ̀. Ìwé oògùn ni èyí náà, àmọ́ kò ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Nínú oṣù náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìròyìn ti jáde pé ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nípa omi iyọ̀ mímu.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kan náà ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kú. Ní ilé-ìwòsàn First Consultants ní Obalende, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe Sawyer. Dókítà Adadevoh dúró tì í, ó wò ó, ó bi í ní ìbéèrè, ọkàn rẹ̀ kò sì gba ìdáhùn tí ó rí. Bí àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè ọkùnrin náà ti fi ipá mú un tó pé kí ó jẹ́ kó máa lọ, kò gbà. Wíwò tí ó wò ó ni ó gba Èkó là, òun náà sì ni ó gba ẹ̀mí tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ fún mi pé gbígbọ́ ohùn aláìsàn ti tó, mo máa ń rán an létí obìnrin yìí.

Ọdún 2020 ni ilẹ̀kùn wá ṣí gbayawu. Àwọn ọ̀dọ́ ní Èkó ti ń gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú. Nǹkan bí ọdún 2015 ni Kangpe bẹ̀rẹ̀, tí ènìyàn yóò kọ ìbéèrè ránṣẹ́, tí dókítà yóò sì dá a lóhùn, kí àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ tó yà sí iṣẹ́ adójútòfò ìlera. Ṣùgbọ́n àrùn kòrónà ni ó lé gbogbo wa síbẹ̀. A rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní in ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ó dé Èkìtì. Kí oṣù náà tó parí, Gómìnà Kayode Fayemi ti ní kí gbogbo wa jókòó sílé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé Eko Telemed kalẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè bá dókítà sọ̀rọ̀ láì jáde. Ní oṣù Kẹta kan náà, Ààrẹ Donald Trump yin chloroquine lórí tẹlifíṣọ̀n, láàárín ọjọ́ mélòó kan àwọn ilé-ìwòsàn ní Èkó sì ti ń gba àwọn tí wọ́n lò ó ní àlòjù. Àwa tí wọ́n fi chloroquine wo ibà fún ní kékeré, tí a sì mọ bí ó ti ń yún ni lára tó, ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ fún wa pé ẹnìkan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá a lọ.

Àsìkò yìí ni ọ̀rọ̀ kan ilé wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó ti lé ní ẹni ọdún 75, ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń pè ní amlodipine fún ọdún díẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọ̀nà Adó kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n a kò lè gbà á kọjá ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sanwó fún ilé-iṣẹ́ kan tí ń fi fóònù ṣe ìtọ́jú. Dókítà tí ó gbé fóònù náà gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ní oògùn náà a máa mú ẹsẹ̀ wú lóòótọ́, ó sì fi lisinopril rọ́pò rẹ̀. Ọgbọ́n ni ó fi ṣe é. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹsẹ̀ ti fà, gbogbo wa sì ń yin ọ̀làjú.

Ikọ́ ni ó tẹ̀ lé e. Ikọ́ gbígbẹ, tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ó sùn lóru. Ẹ rántí irú àsìkò tí a wà: ikọ́ ẹyọ kan ti tó láti mú kí gbogbo ènìyàn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti ń bá a pa ẹ̀gúsí láti ọjọ́ pípẹ́ kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ tún sanwó. Dókítà mìíràn ni ó gbé fóònù ní ọjọ́ náà, ẹni kẹta ni ó sì gbé e ní ìgbà kẹta. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Màmá ní, "Ó ń rìn mí ní ọ̀fun." Ọmọ náà sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀fun ń dùn ún. Ẹni tí ọ̀fun ń dùn àti ẹni tí ọ̀fun ń rìn, ọ̀nà wọn yàtọ̀ ní ìṣègùn. Wọ́n bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan, ọmọ náà ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni, wọn kò sì béèrè pé èwo. Oògùn apakòkòrò kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà oògùn ikọ́ olómi, lẹ́yìn náà apakòkòrò mìíràn tí ó wọ́n jù ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá rù. Ó pè mí ní ọjọ́ kan, ó ní kí n wá gbọ́ bí òun ti fẹ́ kí a pín ilẹ̀ òun.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà díẹ̀, ó tẹ̀ lé ìyá ọmọ kan lọ sí ibùdó ìlera fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì tí ó wà níbẹ̀ gbọ́ ikọ́ rẹ̀, kò sì sá.

"Màmá, oògùn wo ni ẹ ń lò?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

"Wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Màmá tú etí ìró rẹ̀, ó mú ọ̀rá kan jáde, ó da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì yí páálí kan padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ tí oògùn náà bẹ̀rẹ̀, ó béèrè ọjọ́ tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka ka oṣù. Lẹ́yìn náà ó pe dókítà kan tí ó mọ̀ ní Adó. Wọ́n yí oògùn náà padà sí ẹ̀yà mìíràn. Kí oṣù náà tó parí, ikọ́ náà ti lọ bí ẹni pé kò wá rí, a kò sì tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pínpín mọ́.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn mọ̀ kì í ṣe awo. Gbogbo dókítà ni ó mọ̀ pé oògùn tí ó wà ní ìdílé lisinopril a máa fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, àti pé ó pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn mìíràn lọ. Àwọn dókítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta orí fóònù náà mọ̀ ọ́n, ó dá mi lójú. Wọn kì í ṣe ayédèrú. Ẹnìkan rí ẹsẹ̀, ẹnìkan gbọ́ ikọ́, kò sí ẹni tí ó rí Màmá.

Síbẹ̀ n kò lè sọ pé kí a ti ilẹ̀kùn náà padà. Ní ọdún 2025, Mínísítà Ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tí ó lé ní 16,000 ni ó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Bí ojú bá ti lọ, ohùn ni a ó máa wá. Nǹkan mìíràn tún wà tí àwa àgbà kì í fẹ́ sọ. Ní ìlú bí Ìyìn, nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ibùdó ìlera lè jẹ́ ẹni tí ń bá ìyá rẹ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ́ tí ó bá kó àtọ̀sí yóò kú kí ó tó lọ bá a. Yóò yọ́ lọ sí kẹ́míìsì, yóò tọ́ka sí hóró aláwọ̀ méjì, yóò gbé e mì. Dókítà orí fóònù tí kò mọ̀ ọ́n ni dókítà kan ṣoṣo tí ó lè sọ òtítọ́ fún. Àìrí-ara-ẹni tí ó jẹ́ ewu fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ààbò ni fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ewu tí ó burú jù ni ìgbà tí ẹni tí ń kọ oògùn bá ń jẹ nínú èrè ẹni tí ń tà á. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 18 kan, Ryan Haight, ra oògùn ìrora líle lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dókítà tí ó fọwọ́ sí i kò rí i rí, ọmọ náà sì kú ní oṣù Kejì ọdún 2001. Ọdún 2008 ni wọ́n tó ṣe òfin tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, pé dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí aláìsàn lójúkorojú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dẹ òfin náà ní ìgbà kòrónà. Kí a má sì rò pé ojúkorojú nìkan ti tó. Omi ikọ́ tí ó ní codeine nínú, tí ó sọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa di ahẹrẹpẹ, ojúkorojú ni wọ́n ń tà á fún wọn. Lẹ́yìn tí BBC tú àṣírí òwò náà ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Ojú tí owó ti bò kì í ríran.

Òfin kò wọ́n wa ní Nàìjíríà. MDCN ni ó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, òfin tuntun lórí iṣẹ́ àwọn apòògùn jáde ní ọdún 2022, ti ìdáàbòbò àṣírí ẹni sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2023. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè béèrè orúkọ dókítà àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kí ó tó ròyìn ara rẹ̀ fún un. N kò tíì rí ẹnìkan ní àdúgbò wa tí ó béèrè.

Màmá kò fi fóònù sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń sanwó, ṣùgbọ́n dókítà kan ṣoṣo ni ó ń sanwó fún báyìí, ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tí ó ń gbọ́ Yorùbá, Màmá kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá mọ́. Ibùdó ìlera ni ó ń lọ, ọ̀rá oògùn rẹ̀ ní etí ìró. Mo sìn ín lọ láìpẹ́ yìí. Nọ́ọ̀sì kan náà da ọ̀rá náà sórí tábìlì, ó ń gbé páálí kọ̀ọ̀kan sí iwájú fóònù, ó sì ń ka orúkọ rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà dókítà ní kí ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀, kí ó sì yọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń wò ó.

"Ó wọlé díẹ̀, sà."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ti ọ̀tún."